Ọ̀wẹ̀, Àáró àti Kọ̀ǹpútà: Títo Òṣìṣẹ́ àti Ẹ̀rọ ní Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Alímọ̀ṣọ́



1. Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe ń to òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ nínú ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe nǹkan jáde, àti ipa tí ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún títo iṣẹ́ àkànṣe lè kó níbẹ̀. Àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò. Ìdí méjì ni mo fi yan ibẹ̀.

Èkíní ni pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003 pàápàá, ìjọba ìpínlẹ̀ ti pín in sí agbègbè ìdàgbàsókè mẹ́fà. Èkejì ni pé ó súnmọ́ Ìkẹjà, níbi tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìsùn nìkan ni Alímọ̀ṣọ́. Àwọn aránṣọ wà níbẹ̀, àwọn káfíńtà, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn tí ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, àti àwọn tí ń rọ omi sínú ọ̀rá. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ń dúró de àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni n óò gbìyànjú láti dáhùn. Ǹjẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún iṣẹ́ àkànṣe bá iṣẹ́ irú àwọn wọ̀nyí mu? Kí ni ó lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe? Bí àtò bá sì dára tàbí tí kò dára, ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀, ta sì ni ó ń jẹ gbèsè rẹ̀?

2. Ọ̀wẹ̀ àti àáró

Kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà rárá ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi ń kó ọwọ́ púpọ̀ lé iṣẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀wẹ̀ wà, àáró sì wà.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ fún àna rẹ̀ a bẹ ọ̀wẹ̀. Ebí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò a wá, wọn a ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n a fún wọn ní oúnjẹ, oníkálukú a sì túká. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé èwo ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú èwo. A kì í bo ilé tí a kò tíì mọ ògiri rẹ̀.

Àáró yàtọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a pa ọwọ́ pọ̀. Wọn a ṣiṣẹ́ ní oko ẹnìkan lónìí, wọn a lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ìbéèrè tí ó wà nínú àáró kì í ṣe ohun tí ó ṣíwájú nínú oko kan, bí kò ṣe oko ta ni ó kàn. Ìdí ni pé ọwọ́ kan náà ni gbogbo oko ń dúró dè, kò sì lè wà ní oko méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a bá di ìyàtọ̀ yìí mú, ọ̀rọ̀ tí ó kù yóò rọrùn. Iṣẹ́ àkànṣe, bí afárá tàbí ilé alájà, ọ̀wẹ̀ ni. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe nǹkan jáde lójoojúmọ́, àáró ni: oko ni iṣẹ́ tí oníbàárà gbé wá, ọwọ́ tí ń lọ láti oko dé oko sì ni ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́.

3. Ibi tí ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá

Láti inú ilé-iṣẹ́ ni àwòrán tí a fi ń to iṣẹ́ ti kọ́kọ́ jáde. Karol Adamiecki, ọmọ ilẹ̀ Poland, ti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 1896. Henry Gantt, ará Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ wá mọ́ irú èyí tí ó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1910, níbi tí ìlà gígùn kọ̀ọ̀kan ti ń fi ìgbà tí iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí hàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀wẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi í ṣe. Ní 1957, James Kelley àti Morgan Walker ṣe ìlànà kan fún ilé-iṣẹ́ Du Pont ní Amẹ́ríkà láti fi tọ́jú iṣẹ́ kíkọ́ àti àtúnṣe àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1958, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ohun ìjà Polaris. Ohun tí ìlànà méjèèjì ń wá ni ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ó gùn jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ náà bá pẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò pẹ́.

Láti ibẹ̀ ni irú Microsoft Project, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1984, ti jogún ìṣe rẹ̀. Láti 2012 ni ProjectLibre ti wà pẹ̀lú, èyí tí ènìyàn lè lò láìsan owó. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá lè lò wọ́n. Àmọ́ kí ó rántí pé ọmọ ọ̀wẹ̀ ni wọ́n. Bí iṣẹ́ méjì bá ń du ẹ̀rọ kan ní wákàtí kan náà, irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò fi àmì hàn pé ẹ̀rọ náà ti gba ju agbára rẹ̀ lọ. Bí a bá ní kí ó yanjú rẹ̀, yóò ti ọ̀kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í yẹ gbogbo ọ̀nà wò láti mọ èyí tí ó dára jù. Àwọn òfin tí a ti kọ sínú rẹ̀ àti ipò tí a fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tẹ̀ lé.

4. Àpẹẹrẹ kan: aṣọ ilé-ìwé mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé ìránṣọ kan ní Ìkòtún ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìwọlé oṣù Kẹsàn-án ti súnmọ́. Tábìlì ìgéṣọ kan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgéṣọ kan, àti ẹgbẹ́ aránṣọ kan tí wọ́n jọ ń rán aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ìwé mẹ́rin ni ó gbé iṣẹ́ wá, bí a ti kà wọ́n yìí ni wọ́n sì ṣe dé:

Ilé-ìwé kìíní: gígé, wákàtí 5, rírán, wákàtí 2.
Ilé-ìwé kejì: gígé, wákàtí 1, rírán, wákàtí 6.
Ilé-ìwé kẹta: gígé, wákàtí 4, rírán, wákàtí 5.
Ilé-ìwé kẹrin: gígé, wákàtí 6, rírán, wákàtí 3.

Bí a bá ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dé, ẹni tí ń gé aṣọ yóò parí ti kìíní ní wákàtí karùn-ún, kí àwọn aránṣọ tó rí nǹkan kan fi ọwọ́ kàn. Wọn óò parí iṣẹ́ kìíní ní wákàtí 7, èkejì ní 13, ẹ̀kẹta ní 18, ẹ̀kẹrin ní 21.

Ní 1954, S. M. Johnson ní Amẹ́ríkà tẹ òfin kan jáde fún irú iṣẹ́ tí ó ń gba ọwọ́ méjì kọjá báyìí. Ẹ wo gbogbo wákàtí tí a kọ sílẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ó kéré jù. Bí ó bá jẹ́ wákàtí gígé, kí iṣẹ́ náà ṣíwájú. Bí ó bá jẹ́ wákàtí rírán, kí iṣẹ́ náà kẹ́yìn. Ẹ yọ iṣẹ́ náà kúrò, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún ìyókù. Nínú àpẹẹrẹ wa, 1 ni ó kéré jù, gígé sì ni: ilé-ìwé kejì ṣíwájú. 2 ni ó tẹ̀ lé e, rírán ni: ilé-ìwé kìíní kẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà ni 3, rírán ni òun náà: ilé-ìwé kẹrin wà ṣáájú ẹni ìkẹyìn. Ẹ̀kẹta ni yóò wá bọ́ sí ipò kejì.

Ní báyìí, rírán yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí wákàtí kìíní. Iṣẹ́ kejì parí ní wákàtí 7, ẹ̀kẹta ní 12, ẹ̀kẹrin ní 15, èkíní ní 18. Kò sí bí a ṣe lè to iṣẹ́ mẹ́rin yìí tí wọn óò fi parí kí ó tó di 18, nítorí pé wákàtí 16 ni gígé gbogbo wọn, rírán tí ó sì kéré jù tí ó lè tẹ̀ lé gígé ìkẹyìn, wákàtí 2 ni. Bí wákàtí 9 ni a fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ọjọ́ méjì géérégé ni àtò kejì. Ti àkọ́kọ́ yóò wọ ọjọ́ kẹta. A kò ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ, a kò sì gba ènìyàn kún ènìyàn.

Bí a bá kọ iṣẹ́ mẹ́rin wọ̀nyí sínú ètò kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti dé, tí a kò sì fún ọ̀kankan ní ipò ọ̀tọ̀, ìlà tí ó wà lókè lè ṣíwájú kí àtò ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì jáde, láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọlọ́jọ́ méjì wà. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ro ó, kí ó sì sọ fún un. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, ríronú nìkan kò tó. Ọ̀nà 24 ni a lè gbà to iṣẹ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ mẹ́wàá ní ọ̀nà 3,628,800. Bí ọwọ́ tí iṣẹ́ ń gbà kọjá bá di mẹ́ta, òfin Johnson kò tún tó mọ́, àfi ní ipò díẹ̀. Ní 1976 ni Garey, Johnson mìíràn àti Sethi fi hàn pé irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí a kò mọ ọ̀nà àbùjá sí. Ohun kan tún wà tí ètò ọmọ ọ̀wẹ̀ kì í mọ̀ fúnra rẹ̀: láti ara aṣọ funfun bọ́ sí aṣọ búlúù, a ó pààrọ̀ òwú, nítorí náà iye àkókò tí iṣẹ́ kan yóò gbà wà lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ó ṣíwájú rẹ̀.

5. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé

Ẹnìkan lè dìde báyìí kí ó ní ìrẹ́jẹ wà nínú àtò yìí. Ilé-ìwé tí ó kọ́kọ́ dé, tí ìbá gba aṣọ rẹ̀ ní wákàtí 7, òun ni a wá fi ṣe ìkẹyìn ní wákàtí 18. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Lójú wa, ẹni tí ó tò ṣáájú ní ẹ̀tọ́.

Àáró ni n óò tún fi dáhùn. Nínú àáró, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ fún dandan. Ohun tí ó mú ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀ ni pé oníkálukú mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ yóò kàn, a kì í sì í yẹ ọjọ́ náà. Àdéhùn ni ẹ̀tọ́ wà lára rẹ̀. Bí a bá sọ fún ilé-ìwé kìíní pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni aṣọ rẹ̀ yóò jáde, tí ó sì jáde nígbà náà, a kò rẹ́ ẹ jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ni a ti ṣèlérí fún un, ìlérí náà di odi tí àtò kò gbọdọ̀ fò. Ibí yìí gan-an ni ètò kọ̀ǹpútà ti wúlò jù lọ. Ó lè sọ fún wa, kí a tó la ẹnu ṣèlérí, bóyá ìlérí náà ṣeé mú ṣẹ. Ọ̀pọ̀ ìjà àárín télọ̀ àti oníbàárà, ìlérí tí a ṣe láìwo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń dá a sílẹ̀.

6. Iná mànàmáná àti kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ

Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè fi sọ́kàn pé ẹ̀rọ wà ní ìmúrasílẹ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Ní Alímọ̀ṣọ́, iná ni ó máa ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ikeja Electric ni ó gba apá tí Alímọ̀ṣọ́ wà. Lábẹ́ ìlànà tí a fi pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí, ìsọ̀rí A yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, a gbé owó iná ìsọ̀rí A sókè sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí ó ní òun yóò fi jẹnẹrétọ̀ dí àlàfo mọ ohun tí ó ń ná an.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìsọ̀rí C dáadáa. Wákàtí 12 dà bí ẹni pé ó tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n wákàtí 12 wo ni? Bí mẹ́jọ nínú rẹ̀ bá jẹ́ òru, mẹ́rin péré ni ó kù fún ojúmọmọ. Ìlànà náà sọ iye, kò sọ ìgbà; bẹ́ẹ̀ ìgbà sì ni àtò iṣẹ́ ń jẹ.

Ohun tí ó tọ́ láti ṣe ni kí a kọ kàlẹ́ńdà méjì sínú ètò náà: ọ̀kan fún ènìyàn, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tí ń lo iná. Lẹ́yìn èyí, kí a pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan kò lè ṣe láìsí iná, bí ẹ̀rọ tí ń wi etí aṣọ àti áyọ́ọ̀nù. Àwọn mìíràn lè ṣe é: a lè fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ, a lè fi ọwọ́ dá bọ́tìnnì, a lè ka aṣọ kí a sì dì í. Bí iná bá dé, kí a sá bá iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ó bá lọ, kí iṣẹ́ ti èkejì ti wà nílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Àtò tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àìdánilójú, tí ó ti kún fọ́fọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ọjọ́ kìíní tí iná bá lọ ni yóò ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbà á gbọ́.

7. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọkàn mi jù lọ. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, abẹ́ orúkọ kan náà ni a ń to ènìyàn àti ẹ̀rọ sí, ìlà kan fún aránṣọ, ìlà kejì fún áyọ́ọ̀nù. Èdè wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ní irinṣẹ́, a ní òṣìṣẹ́; ẹni tí ó bá pe òṣìṣẹ́ ní irinṣẹ́, èébú ni ó bú u.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Nínú àtò àkọ́kọ́, àwọn aránṣọ jókòó fún wákàtí 5 láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú èkejì, wákàtí 2 ni gbogbo àlàfo tí ó kàn wọ́n. Bí owó oṣù ni a ń san fún wọn, ọ̀gá ni ó pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iye aṣọ tí ẹnìkan rán ni a fi ń sanwó fún un, aránṣọ náà ni ó fi àpò ara rẹ̀ san owó àtò tí kò dára. Ó ti jí ní Ìgándò kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti san owó ọkọ̀, ó ti dé ibi iṣẹ́, ó sì ń wo tábìlì ìgéṣọ. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni àfi bí a bá bi í léèrè, nítorí pé iṣẹ́ ni ó ń fi hàn ní ojú àkọ́kọ́, kì í ṣe ìjókòó.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti 1974, ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó kéré tán, nínú ọjọ́ méje. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sínú kàlẹ́ńdà ènìyàn kí ẹ tó kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá kọ wọ́n, kọ̀ǹpútà yóò to iṣẹ́ lé àkókò oúnjẹ wọn, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Láti ọ̀dọ̀ ta ni a ti rí i pé rírán iṣẹ́ kejì yóò gba wákàtí 6? Ẹni tí ó ń rán an ni ó mọ̀. Bí ọ̀gá bá jókòó sí ọ́fíìsì tí ó sì kọ wákàtí 4, àtò náà yóò dùn ún wò lórí ìwé, òṣìṣẹ́ ni a ó sì máa pè ní ọ̀lẹ. Fún ìdí èyí, kí a tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ó yẹ kí a fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ní tòótọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ń ṣe é sì bá wa kọ ọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún iṣẹ́ àkànṣe lè wúlò fún ilé-iṣẹ́ kékeré ní Alímọ̀ṣọ́, bí a bá ka iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀wẹ̀ kékeré, tí a sì jẹ́ kí gbogbo wọn pín àkójọ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó rántí, kí ó ṣe ìṣirò, kí ó sì kìlọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kan bá ti gba ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó yan ẹni tí ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lọ́sẹ̀ lè fi bébà àti pẹ́ńsù ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti di ogún, kí ó wá kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ náà bá sì ń gba ẹ̀rọ púpọ̀ kọjá, kí ó wá irú èyí tí a ṣe fún ilé-iṣẹ́ ní pàtó.

Ní ti ẹni tí ń jẹ èrè àti ẹni tí ń jẹ gbèsè, àwọn tí ó gbẹ̀yìn nínú owó ni àtò burúkú kọ́kọ́ ń dé bá: aránṣọ tí ń dúró, ọmọ iṣẹ́ tí a ní kí ó sùn sí ṣọ́ọ̀bù, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọ ilé-ìwé láìní aṣọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àtò iṣẹ́ kan, ìbáà jẹ́ lórí ògiri tàbí nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe béèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa dúró, bí yóò ti pẹ́ tó, àti ẹni tí yóò san owó ìdúró náà.